Orin tí mo fẹ́ràn jù lọ, àti ìlù kan tí n kò gbọ́ níbòmíràn

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Bàálẹ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 8:15 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí nílé lóko. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa sọ orin kan tó jẹ́ pé bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú ẹnì kan tàbí ibì kan ní Òṣogbo ni yóò kọ́kọ́ yọ sí i lọ́kàn, kí ó tó rántí ọ̀rọ̀ inú orin náà rárá. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi, nítorí pé mo ní ìbéèrè kan tó ti ń dà mí láàmú láti ọdún pípẹ́.

Orin tèmi ni "Seun Rere", tí olóògbé Christy Essien-Igbokwe gbé jáde ní ọdún 1981. Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti wo "The New Masquerade" lórí tẹlifíṣọ̀n yóò rántí ojú rẹ̀. Ọmọ Ibibio ni, síbẹ̀ èdè Yorùbá ló fi kọ orin náà, gẹ́gẹ́ bí ìyá tó ń gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn, ohùn rẹ̀ sì já gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi takú pé ọmọ Yorùbá kan ni wọ́n kàn fi orúkọ mìíràn pè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, bí ó bá sì ti dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó ti rédíò láti máa gba orin tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ láti Ìbàdàn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó gba orin yìí ní ọjọ́ kan, ó sì fi bírò kọ "Orin Dídùn" sára rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìyá mi jáde láyé, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni a sì ń gbọ́ nílé wa lálaalẹ́ fún bí oṣù mẹ́fà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí á gbọ́ ọ.

Ìbéèrè mi nìyí. Nínú kásẹ́ẹ̀tì ilé wa, ìlù ńlá kan wà lábẹ́ orin náà tó ń dún gbì, gbì, gbì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 2001, ẹ̀rọ jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó já, mo sì kó o pamọ́. Láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ orin yìí lórí rédíò, lórí fóònù, níbi ìkómọjáde àti níbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìlù yẹn mọ́. Ṣé ẹ̀dà mìíràn wà tí wọ́n gbé jáde nígbà náà? Ẹni tó bá mọ̀, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi.

Àgbà Òròkí (Ọjọ́ Ẹtì, 9:02 alẹ́)

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú ìrántí ìyá. Ọ̀rọ̀ ìlù yẹn kò yé mi, àwọn onílù wà níbí tí wọn yóò dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ orin ní Òṣogbo tí ẹ kò dárúkọ "Oroki Social Club" tí Haruna Ishola gbé jáde ní 1971, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọmọṣẹ́ télọ̀ ni mí lọ́dún náà, ní ìtòsí Ọjà Ọba. Ọ̀gá mi máa ń rán aṣọ fún àwọn gbajúmọ̀ ìlú, bí òde ńlá bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a kì í sùn. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo jókòó sí tí aládùúgbò wa fi àwo tuntun sórí gírámafóònù rẹ̀, tí mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń fi orúkọ Òròkí kọrin. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ̀ títí tí mo fi rán apá agbádá kan pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá mi rí i. Kò bá mi wí. Ó dúró síbẹ̀, ó gbọ́ orin náà tán, lẹ́yìn náà ló ní kí n tú u, kí n tún un rán. Ojú ọ̀gá mi ni mo ń rí nínú orin yẹn títí di òní, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀.

Kò sí jìtá nínú àpàlà Haruna, kò sì sí fèrè òyìnbó. Àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù àti ohùn ọkùnrin tí kò kánjú ni. Nígbà tí Musiliu ọmọ rẹ̀ gbé "Soyoyo" jáde ní 2000, àwọn ọmọ mi jó o débi tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àga ilé, wọn kò sì mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ti fi orúkọ ìlú wọn kọrin kí a tó bí wọn. Mo mú wọn jókòó, mo sì gbé àwo àtijọ́ náà fún wọn gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó máa ń dùn mí bí àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí kò bá mọ̀ ọ́n. Òṣogbo níbí ni wọ́n bí King Sunny Adé sí ní 1946, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oǹdó ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Òṣogbo náà ni wọ́n bí Orlando Owoh sí ní 1932, iṣẹ́ káfíńtà ló sì ń ṣe kí ó tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1958, tó ń lu ìlù tó sì ń kọrin.

Onílù Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun (Ọjọ́ Ẹtì, 10:20 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun fún ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, mo ti gbọ́ "Seun Rere" lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ yìí nítorí yín, pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ létí, kò sì sí irú ìlù tí ẹ ṣàpèjúwe nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ronú kí ẹ tó dá mi lóhùn: ṣé ìlù yẹn ń tẹ̀lé orin náà ni, àbí ó ń bá tirẹ̀ lọ lọ́tọ̀? Bí akọrin bá sinmi, ṣé òun náà máa ń sinmi?

Orin tèmi ni "Ace" ti Shina Peters, ti 1989. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo ń ru ìlù tẹ̀lé ọ̀gá mi kiri òde. Kí orin yẹn tó dé, bí jùjú bá ń lọ, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ènìyàn lè máa jó kí ó máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí ó dé, gbogbo olóde ló ń béèrè fún eré sísáré, kódà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa tí kò ní ju ènìyàn mẹ́jọ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, níbi òde ìsìnkú kan, ọwọ́ ọ̀gá mi kú tìpẹ̀ láàárín eré, nítorí ó ti ń lu gángan láti ìrọ̀lẹ́ láìsinmi. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn yọ okùn ìlù náà ní èjìká rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó sì fi ọ̀pá ìlù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ń kọ orin inú "Ace" lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì dúró dè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lu gángan níwájú ènìyàn nìyẹn. Bí mo bá gbọ́ orin náà báyìí, èjìká òsì ló máa ń kọ́kọ́ wúwo mi.

Ìyá Ìbejì Alékúwodò (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará. Ti èmi kò pẹ́ púpọ̀. "Olufunmi" ti Styl-Plus ni, ní 2003. Mo ń ṣòwò ìpè fóònù lábẹ́ agboòrùn nítòsí ọjà Olúọdẹ nígbà náà, nígbà tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní fóònù tirẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ mi sọ́nà wà ní Àbújá. Ó máa ń pe fóònù tí mo fi ń ṣòwò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ bí mo bá ń palẹ̀ mọ́, ní alẹ́ ọjọ́ kan kò sì sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn gbé fóònù sí ẹnu rédíò tó ń kọ orin yẹn títí káàdì rẹ̀ fi tán. Ó mọ iye tí ìṣẹ́jú kan ń jẹ, èmi náà sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí èmi ni mo ń tà á. Mo jókòó lórí àpótí mi nínú òkùnkùn, mo sì sunkún. A ti di ọkọ àti aya láti 2005. Orúkọ mi kì í ṣe Fúnmi, ṣùgbọ́n orúkọ tó ń pè mí nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlù yẹn kú síbí o. N kò lè sùn dáadáa nítorí rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Bàálẹ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 àárọ̀)

Àbúrò mi onílù, mo ti ronú sí ìbéèrè yín mọ́jú. Ó ń bá tirẹ̀ lọ lọ́tọ̀ ni. Bí akọrin bá sinmi, kì í sinmi, kódà ìgbà yẹn ló máa ń dún sókè jù. N kò kíyè sí èyí rí títí ẹ fi béèrè. Nígbà ọmọdé, mo gbà pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn, bí mo bá sì ń kọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́, mo máa ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì, gbì, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì ní mò ń ba orin jẹ́.

Atúnrédíòṣe Old Garage (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 àárọ̀)

Mà, ìbéèrè tèmi kò jọ ti onílù. Irú ẹ̀rọ wo ni bàbá yín fi gba orin náà?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé oríṣi méjì ló pọ̀ láyé ìgbà náà. Èyí tí rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì wà nínú àpótí kan náà máa ń gba orin láti inú wáyà, kò sì ní gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ bá dá wà lọ́tọ̀, tó jẹ́ pé ṣe ni ènìyàn ń gbé e kọjú sí rédíò, máìkì kékeré tó wà níwájú rẹ̀ ló fi ń gbọ́, ohunkóhun tó bá sì dún nítòsí ni yóò gbà mọ́ orin. Mo ti gbọ́ àkùkọ, ikọ́, òjò orí páànù àti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn nínú kásẹ́ẹ̀tì àwọn ènìyàn. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn tún ní ìwà kan: bí orin bá rọlẹ̀, wọ́n máa ń fúnra wọn fẹ etí sí i kí wọ́n lè gbọ́ ohun kékeré, bí orin bá sì tún ròkè, wọ́n á dín in kù. Ohun tí ẹ sọ, pé ìlù náà ń dún sókè nígbà tí akọrin bá sinmi, bá ìwà yẹn mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ kankan, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù tàbí séló téèpù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń yọ́ tó bá yá, yóò sì lẹ ìpele kan mọ́ èkejì. Téèpù tí wọ́n ṣe fún ìsopọ̀ nìkan ni kí ènìyàn lò, nítorí pé okùn inú kásẹ́ẹ̀tì kò fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin, ibi tó bá sì ti wọ́ díẹ̀ ni yóò tún ti já. Ẹ mú un wá. N kò ní gba owó lọ́wọ́ yín.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Bàálẹ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:55 àárọ̀)

Méjì ni wọ́n! Rédíò onígi kan wà lórí fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré kan tó ní bọ́tìnì márùn-ún tàbí mẹ́fà sì wà tí bàbá mi rà ní Èkó. Yóò gbé e sórí àga níwájú rédíò náà, yóò fi ìka sí ètè fún wa pé kí á dákẹ́. Mò ń mú kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí.

Ọmọ Òkè-Fíà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:25 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo kéré sí gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè. Orin tèmi ni "Bibanke" ti Aṣa, láti inú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 2007. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń kọ ọ́ bí a bá ń fọṣọ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Òun á fọ̀, èmi á ṣan, a ó sì jọ fún un. Ó máa ń ṣi àwọn ọ̀rọ̀ kan pè nínú rẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ yẹn ni èmi náà fi kọ́ ọ. Ó ti wà ní Kánádà láti 2022. Bí orin náà bá bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, òórùn ọṣẹ ló máa ń kọ́kọ́ kọlu imú mi.

Ohun tó ń dùn mí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín ni pé orin náà mọ́ tónítóní lórí fóònù mi. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìró omi níbẹ̀, kò sí ohùn ẹ̀gbọ́n mi, kò sí àṣìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ka ohun tí ọ̀gá atúnrédíòṣe kọ, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ́ fún mi lórí fóònù bí ó bá ń fọ abọ́. Ó ní òun yóò ṣe é lọ́la.

Àgbà Òròkí (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ dáadáa. Sọ fún un pé kí ó fi àṣìṣe náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Atúnrédíòṣe Old Garage (Ọjọ́ Ajé, 1:35 ọ̀sán)

Iṣẹ́ ti parí. Ibi méjì ni mo ti so ó. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan ló ṣòfò níbi tí ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́. Fúláánẹ́ẹ̀lì kékeré tó máa ń ti okùn náà mọ́ orí ẹ̀rọ ti já bọ́, mo sì fi ti kásẹ́ẹ̀tì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbé e, mo sì gbà á sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà tún já. Mo ti mọ ohun tí ìlù náà jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ ni ó yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ, mà. Ẹ máa bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Bàálẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ará. Odó ni. Iyán ni wọ́n ń gún ní ẹ̀yìnkùlé wa, lábẹ́ fèrèsé tí rédíò wà.

Bí mo ti gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ tó dára, n kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún mi. Mo gbọ́ bí ó ti ń dún gbẹrẹgẹ̀jẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣu ṣì le, tí ó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ èémí, irú èyí tí àwọn obìnrin máa ń fi ti ọmọ odó sílẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń gún un ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Nígbà tó yá, ó ku ẹyọ kan fún bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn tí orin náà parí, olóòtú ètò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bàbá mi sì tẹ bọ́tìnì.

Mo pe àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, tó wà ní Ìkìrun báyìí, mo sì gbé fóònù sí i kí ó gbọ́. Kò sọ̀rọ̀ títí tí orin náà fi parí. Ó wá ní, "Èmi àti ìyá rẹ ni. Ibi tó ti ku ẹyọ kan yẹn, àbúrò rẹ tó wà lẹ́yìn mi ló ké, mo gbé ọmọ odó sílẹ̀, mo lọ fún un lómi." Nítorí náà, ogójì ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìyá mi nìkan ni. A kò ní ohùn rẹ̀ níbì kankan, a kò sì ní ju fọ́tò méjì lọ.

Ọ̀gá atúnrédíòṣe, Ọlọ́run yóò tún tiyín náà ṣe. Mo ti fi orin náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó béèrè.

Onílù Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun (Ọjọ́ Ajé, 11:45 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀meje. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín tó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì kíyè sí. Nígbà tí àǹtí yín gbé ọmọ odó tirẹ̀ sílẹ̀, ìyá yín kò yára sí i, kò sì fi tirẹ̀ dí àlàfo náà. Ó ń gún, ó ń fi àyè sílẹ̀, ó ń gún, ó ń fi àyè sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa onílù ti máa ń ṣe bí ẹnì kejì bá yà lọ mu omi. Ní kété kí bàbá yín tó tẹ bọ́tìnì, ọmọ odó kejì padà, ó sì bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́.